Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù, àti ìdáhùn wọn

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fótókọ́pì ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jìnnà sí kóòtù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń tẹ àgíríméǹtì ilé àti kúìtì nótíìsì, tí mo sì ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó gbé wọn wá. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Àmọ́ ohun kan máa ń dùn mí: ìgbà tí omi bá ti dé ọrùn ni àwọn ènìyàn wa ń bèèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti bèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Lọ́yà méjì tó máa ń gbé iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi ti bá mi yẹ̀ wọ́n wò.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ. Ṣé ó kàn wá níbí?

Òfin Èkó lẹ gbọ́ yẹn. Ọdún 2011 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe é. Òun ló ní kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ní Èkó pàápàá, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Rédíò Èkó ń dún ketekete ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn rò pé òfin ibẹ̀ ló ń darí wa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ilé yíyá tirẹ̀, àwa sì ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1976. Òfin Ògùn ni májísíréètì Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ti Ṣàgámù máa ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé ojú mẹ́jọ kan wá kí n ṣe fótókọ́pì rẹ̀, ó ní òun máa fi bá onílé òun ní Mọlípà jà. Mo kà á. “Section 21” ló wà lókè rẹ̀, oṣù méjì ni nótíìsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ti ọdún 1988, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ó ti kọ lẹ́tà sí onílé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá òfin lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wo orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ẹ wo ìpínlẹ̀. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì PLAC (Policy and Legal Advocacy Centre). Tí òfin ìpínlẹ̀ wa bá lẹ ń wá, ẹ sọ fún lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ kóòtù pé Laws of Ogun State, àtúnṣe ọdún 2006, lẹ fẹ́ wò, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà náà.

Onílé fún mi ní nótíìsì. Àkókò mélòó ni mo ní?

Ẹ kọ́kọ́ mú àgíríméǹtì yín jáde. Bí ẹ̀yin àti onílé bá ti fọwọ́ sí i pé oṣù mẹ́ta ni nótíìsì, oṣù mẹ́ta náà ni, ì báà jẹ́ ọdọọdún lẹ ń sanwó. Ibi tí ìwé kò bá ti sọ nǹkan kan ni òfin ti ń bá yín sọ ọ́: ẹni tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà.

Nótíìsì yìí kọ́ ló ń lé ènìyàn jáde o. Tí àkókò rẹ̀ bá pé tí ayálégbé ṣì wà níbẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ tún fún un ní ìwé kejì, ti ọjọ́ méje, tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Ẹ̀yìn ọjọ́ méje yẹn ló tó lè gbé ẹjọ́ lọ. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ó gba ìwé ọlọ́jọ́ méje yìí, ó rò pé ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa da ẹrù òun sí títì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ìwé yín bá sọ pé ọdún kan péré ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tí ọjọ́ náà sì ti kọjá láìsí pé ẹ jọ tún un ṣe, onílé lè má nílò ìwé olóṣù mẹ́fà mọ́. Ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan lè tó. Nítorí náà, bí ọjọ́ inú ìwé bá ti ń sún mọ́lé, ẹ lọ bá onílé kí ẹ jọ sọ ọ́.

Àṣìṣe wà nínú nótíìsì tí wọ́n fún mi. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?

Tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá yí padà nínú ìwé lè da ẹjọ́ ọdún mẹ́ta nù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé ayálégbé kò gbọdọ̀ máa fi àléébù inú nótíìsì dúró pa nínú ilé tí onílé ṣe wàhálà kọ́, àti pé ìwé ìpèlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ti tó nótíìsì. Láti ìgbà náà, ẹ má ṣe gbé gbogbo ara lé àṣìṣe ìwé. Onílé náà kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn ṣe jákujàku. Kí ó kọ orúkọ ayálégbé pé, kí ó kọ ibi tí yàrá wà, kí ọjọ́ hàn. Bí lọ́yà tàbí ajẹ́ǹtì ló máa fún ayálégbé ní nótíìsì, kí onílé ti kọ ìwé àṣẹ fún un ṣáájú.

Onílé ti yọ páànù orí yàrá mi. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Kò lẹ́tọ̀ọ́. Bí ayálégbé jẹ owó ọdún méjì, kò lẹ́tọ̀ọ́. Bí nótíìsì ti pé, kò lẹ́tọ̀ọ́. Kò gbọdọ̀ yọ òrùlé, kò gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ fi àgádágodo tuntun ti ẹnu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ gé iná tàbí omi kí ènìyàn lè sá. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé ènìyàn nínú ilé tó ń gbé, akódà kóòtù tí a ń pè ní bélífù ló sì ń ṣe é pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ìjọba ológun Èkó wí gidigidi nítorí pé wọ́n fi agbára lé Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kóòtù. Bí ológun tó ní ìbọn kò bá lè ṣe é, báwo ni baba onílé ní Àgọ́-Ìwòyè ṣe máa wá lè ṣe é?

Mo kọ ọ́ báyìí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún 2006 ni, nínú oṣù kẹfà, yàrá kan ni mo ń gbé nínú ilé fésì-mí-àì-fésì-yù kan. Mo jẹ owó oṣù mẹ́ta. Mo ti ọjà Òkè-Àjẹ́ dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ojú ọ̀run. Páànù mẹ́rin ni onílé mi ti yọ, ó sì kó wọn ti ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwọn ìṣó tó ti dípẹtà ṣì wà lórí ìbùsùn ọmọ mi. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà, mo ti bẹ́ẹ̀dì sí igun tó kù, mo gbé báàfù sí àárín yàrá. Ọjọ́ kẹta, mo kó jáde. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nínú agboolé yẹn pé ohun tí onílé ṣe lòdì sófin, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín: ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá, kí ọjọ́ tí ẹ yà á àti gbogbo yàrá hàn. Ẹ jẹ́ kí alábàágbé kan tàbí méjì rí i. Ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì fi òòlù fọ́ àgádágodo. Ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá pé wọ́n ba nǹkan jẹ́, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ẹ sì wá lọ́yà lọ́jọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì. Kóòtù lè pàṣẹ pé kí onílé dá ilé padà fún yín, ó sì lè ní kó san owó fún yín nítorí ohun tó bàjẹ́.

Wọ́n ti pe ọlọ́pàá sí mi nítorí owó ilé.

Gbèsè owó ilé kì í ṣe ọ̀daràn. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala kejìlélọ́gbọ̀n, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni, kóòtù ló ni ín. Bí ìjà bá wà níbẹ̀, tàbí wọ́n ní ẹ ba ilé jẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan ní àgọ́ pé ẹ máa kó jáde ní ọjọ́ báyìí láìjẹ́ pé ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Baba onílé ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló ń wá gbowó. Ta ni kí n san án fún?

Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú ju ibòmíràn lọ, nítorí ilé ẹbí pọ̀ níbí. Ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ wà ní Ìmọ̀wò, ọmọ ìyàwó kejì wà ní Èkó, ẹ̀kẹta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ní àwọn ni onílé.

Ohun àkọ́kọ́: ikú onílé kò pa àdéhùn yín. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ pé ẹ̀yìn baba òun, kí ẹ kó jáde lọ́la.

Èkejì: bí baba náà kò bá kọ ìwé ìhágún, ilé náà di ilé ẹbí títí wọ́n á fi pín in. Ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ni ìpín Yorùbá tí kóòtù mọ̀. Bí ìjà bá wà, àwọn àgbà ẹbí lè pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 ni wọ́n fi fìdí èyí múlẹ̀, lọ́yà kankan kò sì ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Ṣáájú pípín, olórí ẹbí tàbí dáwódù ló ń ṣojú gbogbo wọn. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè gba owó kó sì sọ pé tòun nìkan ni.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má ṣe yan ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú wọn. Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn pé owó wà nílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan tó dárúkọ ẹni tí yóò máa gbà á, tàbí kí wọ́n mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá láti Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹ ya owó náà sọ́tọ̀ ní báńkì, ẹ má fi jẹun. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, lọ́yà lè bá yín gbé owó náà sílẹ̀ ní kóòtù kí àwọn tó ń jà sí i wá ṣàlàyé níwájú adájọ́. Ìgbà tó dára jù láti rí gbogbo wọn pọ̀ ni àsìkò Iléyá, nígbà tí wọ́n bá wálé fún Ojúde Ọba. Ìyá kan tó ń tajà ní Ìta-Àlẹ̀ lo àsìkò yẹn: ó gbé lẹ́tà mi lọ fún wọn ní ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba, wọ́n fọwọ́ sí i lójú rẹ̀.

A kò kọ ìwé kankan, ẹnu la fi sọ ọ́. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ kankan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àdéhùn ẹnu tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ̀rí ló máa ń ṣòro.

Kí ló yẹ kí n tọ́jú?

Rìsíìtì, rìsíìtì, rìsíìtì. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú agolo Bournvita kan. Ó ṣí i, ó tú rọ́bà tó fi dè wọ́n, rìsíìtì owó ilé láti 2009 ló wà níbẹ̀, kò sí ọdún tó fò. Inú mi dùn títí mo fi wò wọ́n dáadáa: “Ìyá Ìbejì” ni onílé kọ sórí gbogbo wọn. Kò sí orúkọ rẹ̀, kò sí nọ́ńbà yàrá, méjì kò tilẹ̀ ní ọjọ́. Ìyá Ìbejì mélòó ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ó di dandan kí ó wá ẹlẹ́rìí kún un.

Nítorí náà kí orúkọ yín pé lórí rìsíìtì, kí yàrá hàn, kí àkókò tí owó náà wà fún hàn, láti oṣù wo sí oṣù wo. Bí ẹ bá fi báńkì san án, ẹ kọ “owó ilé” sí ibi àlàyé. Nínú àgíríméǹtì, ẹ jẹ́ kí ó sọ iye nótíìsì, ẹni tó ń tún òrùlé àti páìpù ṣe, bí owó kọ́ṣọ̀n, tí ẹ san sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, á ṣe padà, àti iye tó wà lórí mítà iná lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí gbèsè iná ẹni tó ṣáájú má baà di tiyín.

Rìsíìtì tún ní iṣẹ́ mìíràn báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, òfin owó orí tuntun gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé, kó má sáà ti ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó san ₦300,000 á yọ ₦60,000. Ẹ kò lè rí i gbà láìsí ẹ̀rí.

Onílé fi owó ilé lé ní ìlọ́po méjì láìbá mi sọ ọ́.

Kò lè dá nìkan yí iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí padà láàárín àkókò tí ẹ ti san. Bí àkókò náà bá parí, ó lè ní iye tuntun lòun fẹ́, ẹ sì lè dúnàá dúrà. Bí ẹ kò bá gbà, ọ̀nà tó kù fún un ni nótíìsì.

Èmi ni onílé. Ọdún méjì ni ayálégbé kò fi san kọ́bọ̀.

Mo mọ ìrora yín. Ọ̀pọ̀ onílé níbí jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, owó ilé yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má jẹ́ kí ìbínú mú yín gun òrùlé, torí ọjọ́ tí ẹ bá gùn ún lẹ sọ ẹjọ́ tí ẹ jàre di èyí tí ẹ jẹ̀bi. Ẹ kọ gbèsè náà sílẹ̀ ní lẹ́tà, ẹ fún un ní nótíìsì tó yẹ, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù Májísíréètì. Ẹ lè bèèrè ilé, gbèsè, àti owó gbogbo ọjọ́ tí ó fi dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ parí. Ẹ má sì gba owó ilé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí nótíìsì ti pé láìbá lọ́yà sọ ọ́, nítorí ó lè dà bíi pé ẹ ti tún ilé yá a.

Ọmọ mi ń wá ilé ní Àgọ́-Ìwòyè. Báwo la ṣe ń mọ ajẹ́ǹtì gidi?

Kó má sanwó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí yàrá. Kó padà lọ nírọ̀lẹ́, kó bá àwọn tó ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀, kó bèèrè orúkọ onílé lẹ́nu wọn, kó sì wò ó bóyá orúkọ yẹn ló wà lórí bíìlì iná. Owó ilé, àkáǹtì onílé ni kó lọ, kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì. A ti rí yàrá kan ṣoṣo ní Òrù tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ESVARBON ni ìjọba mọ̀ sí alábòójútó ilé, ẹ lè ní kí ajẹ́ǹtì fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Mi ò lówó lọ́yà. Níbo ni mo lè lọ?

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ní ní Ṣàgámù. Ẹ lọ sí kóòtù láàárọ̀, ẹ bèèrè akọ̀wé ẹ̀ka náà lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú àwọn lọ́yà tó wọ aṣọ dúdú. Ẹ sọ pé ẹ ń wá ẹni tó lè bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù aṣọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn á dá yín lóhùn.

Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, tó jẹ́ ₦70,000 láti 2024, ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí wọ́n tẹ̀ lójú ni wọ́n máa ń gbájú mọ́, nítorí náà bí wọ́n bá tì yín mọ́lé nítorí owó ilé, ẹ sọ apá yẹn fún wọn ní pàtó. Obìnrin tí wọ́n lé síta tòun tọmọ lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì OOU àti ní ti Babcock pẹ̀lú. Ẹ lè bèèrè níbẹ̀ bóyá àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gba ará ìlú nímọ̀ràn.

Kí ẹ tó dé gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹ gbìyànjú baálẹ̀, olórí àdúgbò, tàbí àgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì lè ṣì jọ máa fa omi nínú kànga kan náà. Àmọ́ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí.

Ìwé kóòtù ti dé ọwọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo ọjọ́ àti orúkọ kóòtù tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì lọ. Bí ẹ kò bá yọjú, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà láìsí yín, ohun tó sì máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ nìyẹn. Ẹ kó àgíríméǹtì, rìsíìtì, nótíìsì méjèèjì àti fọ́tò sínú fáìlì kan, kí ẹ ṣe fótókọ́pì wọn ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá tíì rí lọ́yà, ẹ lọ fúnra yín, ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò díẹ̀ láti wá ọ̀kan. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ sì jókòó níbi tí ẹ ti máa gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ yín.